Bí Ọ̀pọ̀ Àwo Ṣe ń Di Etí Kan Ṣoṣo

Bí ẹyẹ kan bá gbéra ní Ṣágámù, tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tí ó fò kọjá lẹ́bàá Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Lomé ní ilẹ̀ Tógò, yóò dé Kuntunse ní ilẹ̀ Gánà lẹ́yìn tí ó bá ti fò tó nǹkan bí kìlómítà 450. Kuntunse kò jìnnà sí Accra. Ibẹ̀ ni àwo irin ńlá kan wà, tí ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ mítà 32, tí ó kọjú sí ojú ọ̀run bí ẹni tí ń retí òjò. Ìbátan ni ó jẹ́ fún àwọn díìṣì kéékèèké tí àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn ń kàn mọ́ òrùlé láti máa fi wo tẹlifíṣọ̀n. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn ni pé ti orí òrùlé ń gbọ́ ohun tí ènìyàn ń wí, ti Kuntunse ń gbọ́ ohun tí ìràwọ̀ ń wí.

Kì í ṣe nítorí ìràwọ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ àwo náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1981 tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iṣẹ́ tẹlifóònù ni ó ń ṣe. Bí ẹnì kan ní Accra bá fẹ́ bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní London, àwo náà ni yóò ju ohùn rẹ̀ sókè sí sátẹ́láìtì, sátẹ́láìtì yóò sì jù ú sọ̀ kalẹ̀ ní òdì-kejì òkun. Ilẹ̀ Yorùbá pàápàá ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní Lánlátẹ̀, ní agbègbè Ìbàràpá, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gbéra lọ sí òkè òkun láti àwọn ọdún 1970. Nígbà tí ó yá, wọ́n na okùn tí ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ gba abẹ́ òkun. Owó tí ó ń ná ni kò tó ti sátẹ́láìtì, ẹrù tí ó sì ń gbé ju tirẹ̀ lọ fíìfíì. Báyìí ni àwọn àwo ńláńlá káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà ṣe di aláìníṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró sínú oòrùn àti òjò láìsí ẹni tí ń béèrè wọn.

Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní Gúúsù Áfíríkà rò ó wò pé àwo tí ó lè gbọ́ sátẹ́láìtì lè gbọ́ ìràwọ̀ pẹ̀lú, bí wọ́n bá lè tún un ṣe. Wọ́n pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn onímọ̀ Gánà. Wọ́n tún ẹ̀rọ tí ń yí àwo náà ṣe, wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tuntun sí i lẹ́nu, wọ́n sì kọ́ ọ ní ìrìn tuntun. Nítorí sátẹ́láìtì tí ó ń bá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ dà bí ẹni tí ó dúró lójú kan ní òfurufú, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ a máa yọ ní ìlà-oòrùn, a sì máa wọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, ẹni tí yóò bá sì gbọ́ ọ ní láti máa bá a lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2017, Ààrẹ Nana Akufo-Addo ti ilẹ̀ Gánà ṣí ibùdó náà fún iṣẹ́ rẹ̀ tuntun.

Ìràwọ̀ ha ń sọ̀rọ̀ bí? Kò sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun ojú ọ̀run ti ń tan ìmọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń rán ìgbì rédíò jáde, ojú kò sì lè rí i. Ará Amẹ́ríkà kan, Karl Jansky, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ni ó kọ́kọ́ fi í hàn ní ọdún 1933. Ariwo tí ń da tẹlifóònù òkè òkun láàmú ni wọ́n ní kí ó wá orísun rẹ̀. Nígbà tí ó wá a títí, ó rí i pé díẹ̀ nínú ariwo náà kì í ṣe ti ayé yìí rárá. Ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí wọ́n ti ṣe bẹbẹ nínú ìmọ̀ yìí. Samuel Okoye, ẹni tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nsukka lẹ́yìn náà, ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge nígbà tí òun àti Antony Hewish, olùkọ́ rẹ̀, kéde ní ọdún 1965 pé ohun kékeré kan tí ń rán ìgbì rédíò tí ó lágbára lọ́nà àrà jáde wà láàrin ìkùukùu tí wọ́n ń pè ní Crab. Ní ọdún 1968 ni àwọn mìíràn wá mọ ohun tí ó jẹ́: òkú ìràwọ̀ tí ń pòyì kíkankíkan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní pulsar.

Bí àwo kan bá wá fẹ̀ tó mítà 32, kí ni ó kù tí kò ní rí? Ó kù púpọ̀. Ìgbì tí ojú ń lò láti fi ríran kéré ju fọ́nrán irun orí lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ìgbì rédíò kan tí wọ́n ń gbọ́ ní Kuntunse gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4.5. Bí ìgbì bá ti gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán rẹ̀ ń ṣe bàìbàì tó, àfi bí àwo bá fẹ̀ sí i. Bí àwo Kuntunse bá dá nìkan wo ojú ọ̀run, ohun tí ó kéré jù lọ tí ó lè yà sọ́tọ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà òṣùpá. Ohun gbogbo tí ó bá wà nínú ìwọ̀n yẹn yóò pa pọ̀ mọ́ra bí ẹni pé wọ́n jẹ́ ọ̀kan. Kò sì sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè rọ àwo tí ó fẹ̀ tó láti Gánà dé Gúúsù Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà, orí ènìyàn ni ó sì wà. Ọmọ tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn kì í ronú kí ó tó yíjú sí apá ibi tí ohùn ti wá. Etí rẹ̀ méjèèjì ni ó ṣe iṣẹ́ náà fún un: ohùn dé etí kan ṣáájú èkejì ní ìwọ̀nba bíńtín, ọpọlọ sì fi ìyàtọ̀ náà mọ ibi tí olùpè wà. Bí àwo méjì bá gbọ́ ìràwọ̀ kan náà ní àkókò kan náà, tí wọ́n sì fi ohun tí ọ̀kan gbọ́ wé ti èkejì, wọn yóò ríran fínnífínní bí àwo kan ṣoṣo tí ó fẹ̀ tó àárín àwọn méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò lè gbọ́ ohùn tí ó rẹlẹ̀ tó ohun tí irú àwo bẹ́ẹ̀ ì bá gbọ́. Láti Kuntunse dé Hartebeesthoek ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí àwo mìíràn tí ó fẹ̀ tó mítà 26 wà, jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 4,600. Àwọn méjèèjì lè jọ ya ohun tí ó kéré sọ́tọ̀ ní ìlọ́po tí ó ju 100,000 lọ sí ohun tí àwo Kuntunse nìkan lè yà.

Ní ọdún 1872, ìlú 13 ní ilẹ̀ Rẹ́mọ kó ara wọn jọ sí Ṣágámù. Ọ̀fin wá, Màkún wá, àwọn yòókù náà wá. Kò sí èyí tí ó sọ orúkọ rẹ̀ nù nínú wọn, síbẹ̀ wọ́n gba Akárìgbò ní olórí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn àwo tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ṣe rí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìjọba tí ó ni ín, ó ní àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ó ní owó tirẹ̀ àti ìyà tirẹ̀. Ọ̀kan ti gbó, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n tiwọn tún le ju ti Ṣágámù lọ, nítorí wọn kò lè kó jọ sójú kan. Jíjìnnà tí wọ́n jìnnà síra ni agbára wọn. Ohun tí ó wà ní ipò olórí láàrin wọn ni agogo.

Agogo ni gbogbo rẹ̀ dúró lé lórí. Bí wọ́n bá lu aago ilé-ìwé, ọmọ tí ó dúró ní mítà 340 sí i yóò gbọ́ ọ lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì rédíò kì í rìn bẹ́ẹ̀. Kìlómítà 300,000 ni ó ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ènìyàn bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, nínú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ìgbì náà yóò ti rin sẹ̀ǹtímítà 30, èyí tí í ṣe gígùn rúlà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò. Bẹ́ẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 4.5 péré ni gígùn ìgbì náà fúnra rẹ̀. Ta ni yóò fi aago ọwọ́ wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fi agogo pàtàkì kan sí ibùdó kọ̀ọ̀kan, èyí tí ń ka ìgbọ̀nrìrì inú afẹ́fẹ́ háídrójìn. Agogo náà dúró ṣinṣin tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé, bí ó bá lè máa lọ bẹ́ẹ̀ fún mílíọ̀nù ọdún, kò ní fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú tàbí kí ó fi rẹ́yìn. Yàrá tí ooru rẹ̀ kì í yí padà ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, bí ọmọ tuntun.

Ibùdó kọ̀ọ̀kan á gba ohùn ìràwọ̀ sílẹ̀ sínú dísíìkì kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì fi òǹtẹ̀ àkókò lu gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, dísíìkì gbogbo ibùdó, tàbí ohun tí ó wà nínú wọn, á lọ sí ilé kan ṣoṣo, níbi tí kọ̀ǹpútà ńlá kan ti ń gbé ohùn kan lé orí èkejì, tí ó ń sún un síwájú díẹ̀, tí ó ń sún un sẹ́yìn díẹ̀, títí àwọn méjèèjì yóò fi bára mu. Ní ibi tí wọ́n bá ti bára mu, ṣóńṣó kan yóò yọ lójú ìwé bí òkè tí ó dá dúró ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Fringe ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bí agogo ibùdó kan bá ṣìnà ju ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà ń wá lọ, òkè náà kò ní yọ. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó wà ní ibùdó náà lè má mọ̀ rárá. Àwo rẹ̀ yí bí ó ti yẹ, iná ẹ̀rọ rẹ̀ tàn, dísíìkì rẹ̀ kún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ìròyìn yóò dé pé òfo ni iṣẹ́ gbogbo òru náà.

Nítorí èyí ni àwọn tí ń darí iṣẹ́ ṣe máa ń kọ àlàkalẹ̀ ṣáájú, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí gbogbo ibùdó. Àlàkalẹ̀ náà kò fi àyè sílẹ̀ fún àbá: ní wákàtí báyìí, ní ìṣẹ́jú báyìí, kí gbogbo àwo kọjú sí ìràwọ̀ báyìí, kí wọ́n gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, kí wọ́n yí sí òmíràn. Ẹni tí ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ bí àwo kọ̀ọ̀kan ti ń yára yí tó, nítorí àwo ńlá a máa rìn bí arúgbó, kò sì yẹ kí àwọn tí ó yára bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé. Aago ìlú ẹnikẹ́ni kò sì ní àyè níbẹ̀. Nígbà tí ó bá di aago mẹ́jọ alẹ́ ní Ṣágámù, aago méje ni ní Accra, aago mẹ́sàn-án sì ni ní Gúúsù Áfíríkà. Kí àṣìṣe má baà wọ̀ ọ́, aago àgbáyé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò, èyí tí ó bá aago ilẹ̀ Gánà mu. Bí ìjì bá dé, òṣìṣẹ́ ibùdó ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró, kí ó sì yí ojú àwo sókè gangan kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a dànù. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú àkókò tí ó ṣe é. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, àwọn tí ó wà ní ilé kọ̀ǹpútà yóò máa wá a bí abẹ́rẹ́ tí ó sọnù sínú koríko.

Agogo nìkan kọ́ ni wọ́n ní láti mú bára mu. Ẹni tí ó bá ti ra gààrí ní ọjà Ṣágámù rí mọ̀ pé kóńgò ju kóńgò lọ. Òmíràn wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, tí oníbàárà yóò rò pé òun ti ra kóńgò kan pé, tí kò sì pé. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá mú kóńgò tí ó dájú, tí ó fi wọn gààrí inú ti àbòsí náà, yóò mọ iye tí ó fi dín, láti ọjọ́ náà lọ ó lè máa fi bù ú, kí ó sì máa ṣírò èyí tí ó kù mọ́ ọn. Àwo kọ̀ọ̀kan ni kóńgò tirẹ̀. Ọ̀kan ń gbọ́ràn dáadáa, èkejì ń gbọ́ bí ẹni tí ó di òwú sétí; kò sì burú, bí wọ́n bá ṣáà ti mọ̀ bí ó ti dí tó. Nítorí náà, ní àárín iṣẹ́, wọ́n á tan ariwo kékeré kan tí wọ́n mọ agbára rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, wọ́n á wo iye tí ẹ̀rọ náà pè é. Wọ́n á sì tún yí gbogbo àwo sí ohun ojú ọ̀run kan tí agbára rẹ̀ ti di mímọ̀ fún gbogbo onímọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, irú èyí tí wọ́n sọ lórúkọ 3C 286, láti fi ṣe kóńgò tí ó dájú.

Irin pàápàá ní àìsàn tirẹ̀. Àwo tí ó wúwo tó báyìí a máa tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ó bá dẹ̀gbẹ́, ooru ọ̀sán a sì máa fẹ apá kan rẹ̀ ju apá kejì lọ, débi pé ibi tí wọ́n rò pé ó kọjú sí kọ́ ni ó kọjú sí. Wọ́n á yí i kiri yíká ìràwọ̀ kan tí ó lágbára, sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì, láti mọ ibi tí ohùn ti ga jù, wọ́n á sì kọ ìyàtọ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà tí ń darí rẹ̀. Ní apá ilẹ̀ tiwa yìí, ìṣòro kan tún wà tí àwọn ará Yúróòpù kì í sábà rí. Ìpele kan wà lókè sánmọ̀ tí oòrùn ń fi agbára iná mànàmáná kún ní ọ̀sán. Ní àwọn ilẹ̀ tí ó súnmọ́ agbedeméjì ayé, irú bí Gánà àti Rẹ́mọ, ìpele náà a máa fọ́n ká yẹ́úkẹ́yẹ̀úkẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ìgbì rédíò tí ó bá gba inú rẹ̀ kọjá a sì máa gbọ̀n bí òjìji nínú odò. Ìgbì tí ó gùn ni ó ń bá jà jù. Òkè sánmọ̀ orí ibùdó kan kì í sì í bá ti èkejì dọ́gba, nítorí náà wọ́n á máa yí àwo lọ, yí i bọ̀, láàrin ohun tí wọ́n ń wá àti ìràwọ̀ kan tí wọ́n mọ̀ dájú tí kò jìnnà sí i, kí wọ́n lè fi ìgbọ̀nrìrì ti èkejì yọ ti èkíní kúrò.

Èyí tí kò gbóògùn bọ̀rọ̀ ni ariwo ọmọ ènìyàn. Bí wọ́n bá gbé fóònù kan ṣoṣo sí orí òṣùpá, ohùn rẹ̀ yóò wà lára àwọn ohùn rédíò tí ó rinlẹ̀ jù lọ ní gbogbo ojú ọ̀run. Kí ni kí wọ́n wá ti wí nípa oríta Ṣágámù, níbi tí ọ̀nà Ìbínì ti yà kúrò lára ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí ọkọ̀ kò dáwọ́ ìrìn dúró tọ̀sán-tòru, tí fóònù sì wà lápò gbogbo èrò inú wọn? Àwo ìràwọ̀ kò lè gbé irú ibẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ṣòfin ní ọdún 2007 láti dáàbò bo ìdákẹ́jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ kan tí wọ́n ń pè ní Karoo. Ibẹ̀ ni àwo 64 tí orúkọ àpapọ̀ wọn ń jẹ́ MeerKAT wà, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2018. Kuntunse kò rí irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ibi tí wọ́n yàn fún tẹlifóònù ni, ìlú Accra sì ń gbòòrò sí i.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ àjọṣe yìí ni ti oṣù kẹrin ọdún 2017. Ẹ̀rọ awòràwọ̀ 8, láti Spain dé Hawaii, láti Amẹ́ríkà dé òpin ayé ní gúúsù níbi tí yìnyín ti bo ilẹ̀, ni wọ́n fẹ́ yí sí ohun kan náà ní òru kan náà. Ìgbì tí wọ́n ń gbọ́ kúrú gan-an, ìkùukùu ojú ọ̀run a sì máa dí i. Nítorí náà ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan àwọn tí ń darí iṣẹ́ ní láti béèrè ojú ọjọ́ lọ́wọ́ gbogbo ibùdó kí wọ́n tó pàṣẹ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tàbí kí wọ́n sinmi. Bí wọ́n bá fi òru kan tí ó dára ṣòfò, ó lè má padà. Ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ pọ̀ ju ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbé lọ, ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n fi kó dísíìkì rẹ̀. Ti gúúsù ayé sì ní láti dúró di ìgbà tí òtútù rọlẹ̀ tí ọkọ̀ òfurufú lè bà síbẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Gbogbo àwọn yòókù dúró dè é. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n fi àwòrán náà hàn: òrùka iná yí òkùnkùn kan ká, èyí tí í ṣe àwòrán àkọ́kọ́ ti ihò dúdú ojú ọ̀run, tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń lo ọdún mílíọ̀nù 55 láti ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ayé.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, àwo Hartebeesthoek ni ó ti ń bá àwọn ti òkè òkun ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Òun náà ní ìtàn bí ti Kuntunse: NASA ti Amẹ́ríkà ni ó kọ́ ọ ní ọdún 1961 láti máa bá ọkọ̀ ojú òfurufú sọ̀rọ̀, ó sì di ti àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní ọdún 1975. Ní ọdún 2008, irin tí ó ń fi yí bàjẹ́, ó sì di ọdún 2010 kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà yẹn ni ó hàn kedere bí ó ti léwu tó kí ilẹ̀ tí ó tóbi tó Áfíríkà gbára lé ẹyọ kan. Láti Yúróòpù títí dé ìsàlẹ̀ Áfíríkà, àlàfo gbàgàdà ni ó wà nínú àwòrán ilẹ̀ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀, àlàfo a sì máa ba àwòrán ojú ọ̀run jẹ́ bí eyín tí ó yọ ti í ba ọ̀rọ̀ lẹ́nu arúgbó. Orílẹ̀-èdè 8 ni wọ́n bá Gúúsù Áfíríkà dìde láti dí i: Botswana, Gánà, Kenya, Madagascar, Mauritius, Mozambique, Namibia àti Zambia. Orúkọ Nàìjíríà kò sí níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Lánlátẹ̀ ti mọ iṣẹ́ àwo ńlá kí Kuntunse tó bẹ̀rẹ̀.

Kuntunse ni àkọ́kọ́ tí wọ́n parí nínú iṣẹ́ àtúnṣe náà. Nígbà tí wọ́n kéde ní ọdún 2017 pé ó ti ń gbọ́ràn, ohun mẹ́ta ni wọ́n dárúkọ: ó ti gbọ́ ìgbì sẹ̀ǹtímítà 4.5 tí ń ti inú ìkùukùu ibi tí ìràwọ̀ tuntun ti ń dìde wá, ó ti tẹ́tí sí pulsar, wọ́n sì ti ń dán an wò pẹ̀lú àwọn àwo ibòmíràn, láti mọ̀ bóyá òkè kékeré náà yóò yọ lójú ìwé.